Sevillanas kọ́ ni soleá o: ìrírí mi ní Seville

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá gbogbo orin gìtá Andalusia, ní gúúsù Spain, ni flamenco, rárá o. Seville ni mo ń gbé, etí ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lásìkò Feria de Abril, àjọ̀dún ńlá Seville, orin ijó sevillanas ló ń gba ìlú kan. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n jó. Mẹ́rin ni wọ́n ń jó tẹ̀ léra. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti parí, orin àti oníjó á dúró gbọnin lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ lókè. Ara seguidilla, orin ijó àwọn ará Castile, ló ti jáde. Orin ìlú ni, ó dùn, èmi náà ń jó o. Ṣùgbọ́n ibi tó máa parí sí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan gìtá.

Ẹ wá gbọ́ soleá, orin flamenco gangan. Ní Triana, àdúgbò kan ní Seville, nílé ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ flamenco kan (peña ni wọ́n ń pè é), mo jókòó sí tòsí onígìtá. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá, ẹnu akọrin ló tẹjú mọ́. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ń kà á dé 12, wọ́n ń fi agbára sí 3, 6, 8, 10 àti 12. Compás nìyẹn. Akọrin fa ọ̀rọ̀ kan títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ; onígìtá dúró dè é, compás ò sì já. Ìgbà tí ohùn sọ̀kalẹ̀ tán ló tó dá a lóhùn. Iye ẹsẹ tó kù, akọrin nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ má fi castanet (pákó kékeré méjì tí oníjó ń fi ìka gbá pọ̀) dá flamenco mọ̀. Ó pọ̀ nínú sevillanas àti nínú jota, ijó àwọn ará Aragon.

Fandango, orin ijó Spain kan, ló le jù láti yà sọ́tọ̀, torí ó wà lọ́dọ̀ àwọn ará oko, ó sì wà nínú flamenco. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, àwọn ẹgbẹ́ verdiales máa ń pé jọ ní Málaga, tàwọn ti fayolin, ìlù ọlọ́wọ́ àti fìlà tó kún fún òdòdó. Orin àwọn ará oko ni, fandango sì ni. Inú fandango ibẹ̀ náà ni malagueña ti wá: àwọn akọrin flamenco yọ ìwọ̀n ìlù tó ń lọ déédéé kúrò lára rẹ̀, wọ́n ń fà á bó ṣe wù wọ́n.

Ó máa ń dùn mí gan-an tí àlejò bá sanwó gidi, tí wọ́n kó sevillanas àti pasodoble (orin ijó Spain mìíràn) fún un, tó sì lọ láìgbọ́ soleá kan ṣoṣo. Ẹ wá peña kan lọ, ní Triana tàbí ní Jerez, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí akọrin àti onígìtá nìkan máa jókòó, láìsí oníjó.