Ẹ̀tù inú ọta pistol mi kì í dọ́gba, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Ọta 9mm ni mo máa ń tún dì fúnra mi láti fi yìnbọn sí àmì, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ dáadáa àfi ẹ̀tù tí powder measure (ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀tù) ń dà sínú kéèsì (ìkarahun ọta). Ẹ̀tù pẹlẹbẹ oníwẹ́wẹ́ ni mò ń lò, tí mo bá gbé e sórí síkéèlì ọ̀kan á bá iye tí mo fẹ́ mu, èyí tó tẹ̀lé e á fi 0.2 grain (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ẹ̀tù) lé, òmíì á dín. Kéèsì 9mm kéré, ẹ̀tù tó ń wọ ibẹ̀ ò tó nǹkan, torí náà ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ohun téèyàn lè fojú fò rárá.

Mo ti nu inú hopper (ibi tí ẹ̀tù ń wà lórí ẹ̀rọ náà) torí static (iná kékeré tó ń mú ẹ̀tù lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀), mo ti fi baffle (awo tó ń gba ìwúwo ẹ̀tù dúró) sí i, mi ò sì kí ń jẹ́ kí ẹ̀tù inú ẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Ọwọ́ tí mo fi ń fa handle, bákan náà ni, mo máa fà á dópin kí n tó dá a padà. Síkéèlì náà, mo fi check weight (irin tí a ti mọ ìwọ̀n ẹ̀) yẹ̀ ẹ́ wò, kò parọ́. Ohun tí mo kàn ń rí ni pé ẹ̀tù díẹ̀ máa ń há sẹ́nu túùbù tó ń gbé e bọ́ sínú kéèsì, ó wá di ìgbà tí kéèsì tó kàn bá dé abẹ́ ẹ̀ kó tó já, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ṣé kí n kúkú yí padà sí ball powder (ẹ̀tù oníhóró róbótó) tó máa ń ṣàn dáadáa, àbí ọgbọ́n kan wà tí ẹ ń dá sí ẹ̀tù pẹlẹbẹ yìí? Ẹ ṣé gan-an ni o, mò ń retí yín.