"Hash Sum mismatch" fẹ́ lé mi kúrò níbi iṣẹ́, ẹ gbà mí o

Kọ́lá_B: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ṣàánú mi. Ọjọ́ kẹrin rèé tí server tí mo fi ń pín package (software tí wọ́n dì sínú fáìlì kan) fún kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wa ti sọ mí di ẹni ẹ̀fẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe apt install láti gbé e wọlé, "Hash Sum mismatch" ni. Ọ̀gá ń pariwo, àwọn ti yàrá kejì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Iná ń lọ, iná ń dé. Ó dá mi lójú pé disk ló ti bàjẹ́. Mo ti ra 2 terabyte tuntun. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ lálẹ́ yìí?

Àkàndé_apt: Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan disk. Ohun tó yẹ ká mọ̀ kọ́ lo sọ. Ṣé mirror (ẹ̀dà ibi ìpamọ́ package ẹlòmíràn) ni, àbí package tí ẹ fúnra yín ṣe? Kí ló ń kọ Packages, ìyẹn àkójọ package tó wà lórí server? InRelease, fáìlì tí wọ́n fọwọ́ sí, ló ń kọ SHA256 (hash, àmì tí wọ́n ṣírò láti inú fáìlì) ti Packages, Packages ló ń kọ ti .deb (fáìlì package) kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó dé bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ, apt ò ní gbà á.

Mopé: Ẹ wo aago server.

Àkàndé_apt: Rárá o. Bí aago kò bá péye, "not valid yet" ni apt máa ń sọ.

Kọ́lá_B: Debian 12 ni. Àwa la ṣe wọ́n. dpkg-scanpackages ló ń kọ Packages, cron (tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò tí a yàn) ń pè é ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. smartctl tó ń yẹ disk wò ní PASSED, àmọ́ mi ò gbà á gbọ́.

Ìyá_Ìbejì_root: `dpkg-scanpackages . > Packages`, àbí? Àmì `>` yẹn á kọ́kọ́ sọ fáìlì di òfìfo, ẹni tó bá wọlé lásìkò náà á gba ààbọ̀. Kọ ọ́ sí Packages.new, kó o wá fi `mv` gbé e sípò. .deb ni kó kọ́kọ́ dé, Packages tẹ̀ lé e, InRelease gbẹ̀yìn. Fi `flock -n` síwájú iṣẹ́ cron náà kí méjì má baà kọlu ara wọn.

Mopé: Ẹ sáà lo reprepro (ètò tó ń bójú tó ibi ìpamọ́ package), kí wàhálà tán.

Kọ́lá_B: Òun ni mo kọ́kọ́ lò! Ó ń kọ̀ package mi, ó ní "Already existing files can only be included again, if they are the same". Ìlà kan péré ni mo tún ṣe nínú config. Ṣé torí ìlà kan ni mo ṣe máa yí version padà? Mo fi 2.1-3 tuntun rọ́pò ti àtijọ́, version kan náà.

Àkàndé_apt: Há! Reprepro ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ara ẹ, o lé e dànù. Ṣé Squid (proxy tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì) wà láàárín server yẹn àti àwọn kọ̀ǹpútà yín?

Kọ́lá_B: Ó wà. Ẹ ò bi mí.

Ìyá_Ìbejì_root: Squid ṣì ń pín 2.1-3 àtijọ́, Packages sì ti ń ka hash tuntun. Fi `curl` gba .deb náà lẹ́ẹ̀mejì, kó gba Squid kọjá lẹ́ẹ̀kan, kó o fi `--noproxy '*'` sí ìkejì, kó o wá ṣe sha256sum fún méjèèjì láti wo hash wọn.

Kọ́lá_B: Wọn ò bára mu.

Àkàndé_apt: Fi `dch -i` yí version padà, kó di 2.1-4, tún un ṣe. Orúkọ fáìlì á yí padà, Squid ò ní rí ti àtijọ́ fún ẹnikẹ́ni. Má jẹ́ kó tọ́jú InRelease àti Packages pẹ́: `refresh_pattern (InRelease|Packages) 0 0% 0`, fi í sókè àwọn tó kù nínú config Squid.

Kọ́lá_B: Ó ti ń lọ. Disk tí mo rà ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_root: Ibo ni key tó o fi ń fọwọ́ sí InRelease wà?

Kọ́lá_B: Lórí server yẹn nìkan.

Ìyá_Ìbejì_root: Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí disk náà lónìí.