Ọmọ ọdún 16 ni mí: ṣé kò tíì pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ ijó ballet?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi, SS2 ni mo wà. Ijó ballet ti gbà mí lọ́kàn pátápátá. Fídíò ọmọkùnrin tó ń jó nínú òjò l'Ékòó láìwọ bàtà ni mo kọ́kọ́ rí, mo wò ó títí dátà mi fi tán. Látìgbà náà, bí mo bá ti gbé omi ẹ̀bà kaná, màá di etí fèrèsé ilé ìdáná mú, màá pa gìgísẹ̀ méjèèjì pọ̀, màá kọjú ọmọ ìka ẹsẹ̀ síta, màá wá máa tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi hó.

Ọjọ́ orí mi ló ń dà mí láàmú. Àwọn tí mò ń wò, ọmọ ọdún mẹ́rin márùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Màmá náà ní ijó tí ọmọbìnrin á máa gbẹ́sẹ̀ sókè kì í ṣe ijó ọmọlúàbí. Mo sì ṣe nǹkan kan tí mi ò sọ fún wọn: mo ki àkísà sí iwájú bàtà kánfáàsì mi, mo fẹ́ fi dúró lórí ọmọ ìka bíi tàwọn oníjó náà. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún wú, èékánná rẹ̀ dúdú. Mo ní òkúta ni mo fẹsẹ̀ kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀, àbí kí n gbàgbé ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Ọmọ mi, ìtọ́jú iṣan àti eegun ni iṣẹ́ mi, àyà mi já nígbà tí mo ka ti bàtà yẹn. Má tún dán an wò mọ́ láéláé. Bàtà pointe tí o rí lẹ́sẹ̀ wọn, aṣọ àti bébà tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ léra ló mú iwájú rẹ̀ le, ohun líle mìíràn sì wà lábẹ́ tó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró. Síbẹ̀, olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò ní fi í sẹ́sẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàtà rírọ̀ ni wọ́n á fi kọ́ ọ fún ọdún bíi mélòó kan, títí ọrùn ẹsẹ̀ àti iṣan ikùn rẹ á fi lè gbé ọ.

Ti ẹsẹ̀ tí ò ń yí síta, oríkèé ìbàdí ló yẹ kó ti wá. Bí o bá fipá yí àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan, orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀. Nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́, wo ìsàlẹ̀: ṣé orúnkún kọjú síbi tí ọmọ ìka kọjú sí? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dín yíyí náà kù. Kí o sì sọ òótọ́ ìka yẹn fún Màmá lónìí, kí wọ́n mú ọ lọ ṣàyẹ̀wò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Oníjó, Ìjẹ̀bú-Igbó

Àbúrò, kò pẹ́ jù. Ọmọ ọdún 13 ni Misty Copeland nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn sì ní ó ti pẹ́. Lọ́dún 2015 ó di ọ̀kan nínú olórí oníjó ẹgbẹ́ American Ballet Theatre, obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà níbẹ̀. Rudolf Nureyev ti Rọ́ṣíà, ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ballet ńlá ní Leningrad, ṣùgbọ́n ó ti ń jó nílùú rẹ̀ láti kékeré. Mi ò ní tàn ọ́: èèyàn bíi tiwọn kò pọ̀. Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ òòjọ́ lo fẹ́ fi jẹ, ọ̀nà náà há. Bó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ràn rẹ̀, ta ló fẹ́ dí ọ lọ́wọ́?

Ijó tiwa ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó gbìyànjú ballet, ohun tó sì fún mi níṣòro jù nìyí. Bí ìlù bá dún, àwa a bẹ̀rẹ̀, a fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, èjìká á máa dáhùn. Wọ́n ní kí n na ẹ̀yìn gbọọrọ, kí n ṣe bí ẹni pé okùn ń fa àtàrí mi sókè. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ara mi tó gbà. Ṣùgbọ́n etí tó mọ ìlù kò ṣòfò, ó ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀.

Ọmọkùnrin tí o rí nínú òjò yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ijó Leap of Dance Academy ní Ajángbádì l'Ékòó ló ti kọ́ ọ nígbà náà. Ọdún 2017 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹni tó dá a sílẹ̀, Daniel Ajala, fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú ohun tó fi kọ́ ara rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìkẹ́nnẹ́

WAEC ò ní dúró dè ọ́ o, ọmọ mi. Owó ọkọ̀ Èkó lálọ àtàbọ̀ kì í ṣe kékeré. Sátidé méjì lóṣù tó, kí àgbàlagbà sì bá ọ lọ wo olùkọ́ náà kí ẹ tó sanwó.

Màmá Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Má bá ìyá rẹ àgbà jiyàn. Fi fídíò náà hàn wọ́n. Ẹni tó ti wo bí ẹgbẹ́ ṣe ń rìn wọlé lójúde Ọba, tí ọrùn gún, tí ẹsẹ̀ ò kánjú, yóò rí nǹkan tó mọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo jẹ́wọ́ fún Màmá lánàá. Wọ́n bínú nítorí irọ́ tí mo pa, wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, wọ́n yẹ ìka náà wò títí. A máa lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́la. Lẹ́yìn náà ni mo tan fídíò fún wọn. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bi mí pé, "Ìlù wọn dà?" Mo ní dùrù ni wọ́n ń tẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí n tẹ orúnkún kí àwọn rí i. Nígbà tí mo di fèrèsé mú, wọ́n ní igi rẹ̀ ti jẹrà, kó má wó lé mi lórí. Wọ́n lọ gbé àga tiwọn wá láti pálọ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi, wọ́n ní, "Di èyí mú."