Ẹ wá sọ ìrírí yín: àgbọ̀nrín mule deer akọ lásìkò tí wọ́n ń lé abo

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin ọdẹ àti ọmọ ọdẹ, àrìnpa o. Oṣù kọkànlá ti wọlé, ọrùn àwọn mule deer akọ, àgbọ̀nrín eletí gbàǹgbà tó wà lórí òkè Rockies lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ti ń wú, wọ́n ti ń lé abo kiri. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá tó ń dẹ ìgbẹ́ ní Amẹ́ríkà ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n a wà. Ẹni tó bá ti pàdé akọ ńlá lásìkò yìí rí, ì báà yìnbọn, ì báà má yìnbọn, kó wá sọ bó ṣe rí. Ohun tójú yín rí gan-an la fẹ́ gbọ́ o.

Ọdẹ Denver

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, Ìgbòho ni bàbá bàbá mi ti dẹ ìgbẹ́ títí ara wọn fi kọ̀ ọ́, òru ni wọ́n sì ń dẹ ẹ, iná lórí, ìbọn léjìká. Níbí, tẹ́ ẹ bá tan iná sójú àgbọ̀nrín kẹ́ ẹ tó yìnbọn, ẹjọ́ ńlá lẹ fà yẹn. Ní Colorado, láti ààbọ̀ wákàtí kóòrùn tó yọ títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀, ibẹ̀ lófin fi mọ. Ìyàtọ̀ kejì ni pé ìgalà tilé wa ò ní oṣù kan pàtó tí akọ ń gun abo, kò sígbà tẹ́ ẹ ò lè rí abo tó lóyún. Ti mule deer ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú lára wọn ti ń mọ̀ pé àsìkò ti tó, láti àárín oṣù kọkànlá síwájú ló ń gbóná jù, kí ọmọ lè bọ́ sí oṣù kẹfà tí koríko tútù pọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé mo máa ń gbọ́ káwọn èèyàn máa sọ pé òtútù ló ń fà á. Kì í ṣe òtútù rárá. Ohun tí yìnyín ń ṣe ni pé ó ń lé wọn sọ̀kalẹ̀ látorí òkè wá síbi tí wọ́n ti ń lo ìgbà òtútù, ìyẹn lẹ ṣe ń rí wọn pọ̀ lójú kan, ṣùgbọ́n yìnyín bọ́ o, kò bọ́ o, akọ á lé abo.

Apá Meeker ni mo lọ, ní Piceance, lápá ìwọ̀ oòrùn Colorado, ilẹ̀ ìjọba ló pọ̀ jù níbẹ̀, BLM, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilẹ̀, ló ń mójú tó o. Igi juniper ló wà lórí gegele, sagebrush ló kún ìsàlẹ̀, igi kúkúrú eléwé eérú kan báyìí tí òórùn rẹ̀ ò ní kúrò lára aṣọ yín bọ̀rọ̀. Sáà ìbọn kẹrin ni mo gba táàgì (ìwé àṣẹ tí wọ́n ń so mọ́ ẹran) fún, èyí tó bọ́ sí àárín àsìkò tí akọ ń gun abo yẹn gan-an, kì í sì í ṣe ohun téèyàn kàn ń gbówó dání lọ rà o, látọdún 1999 ni gbogbo táàgì àgbọ̀nrín ní Colorado ti di ohun tí wọ́n ń ṣẹ́ kèké fún, ti sáà kẹrin yìí sì le ju tàwọn tó kù lọ, ẹ máa ti kó point (máàkì tí wọ́n ń fún yín lọ́dún tí kèké ò bá mú yín) jọ fún ọdún mélòó kan ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu mi ni pé abo ni kẹ́ ẹ máa wò. Akọ ńlá tó fi gbogbo oṣù kẹsàn-án pa mọ́ sínú igbó òkè, òun fúnra rẹ̀ ló máa jáde wá, á máa lọ láti agbo abo kan sí òmíràn, tọ̀sán tòru. Èyí tẹ́ ẹ rí láàárọ̀ lè ti gba àfonífojì mẹ́ta kọjá kó tó dalẹ́, ṣùgbọ́n àwọn abo ò lọ síbì kankan, ibi tí oúnjẹ wà ni wọ́n wà. Mo rí àwọn tó ń lé akọ látorí òkè dé orí òkè tí wọ́n kàn ń ba ẹsẹ̀ ara wọn jẹ́.

Mo wá agbo abo kan rí, mo jókòó sábẹ́ juniper, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ wá sójú mi. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ṣe pàtàkì o. Láàárọ̀ tílẹ̀ ṣì tutù, sísàlẹ̀ ló ń ṣàn, tóòrùn bá ti mú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á tún yí padà. Imú àgbọ̀nrín ò ní gbà fún yín níbẹ̀, kódà lásìkò yìí tí orí akọ ti dàrú, torí orí abo ò dàrú, abo ló máa gbọ́ òórùn yín tí á sì kó gbogbo wọn lọ.

Oòrùn ti gòkè díẹ̀ nígbà tí gbogbo abo náà gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn etí gbàǹgbà yẹn yí sápá kan. Ó yọ látinú juniper. Ó na ọrùn síwájú, ó rẹ orí sílẹ̀ tí àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, ọrùn ọ̀hún wú débi pé ẹ ò ní mọ ibi tó parí sí tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀. Ìwo rẹ̀ pín sí méjì, ìkọ̀ọ̀kan tún pín sí méjì, bí tiwọn ṣe ń rí nìyẹn, kò rí bíi ti whitetail, irú àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà kejì, tó jẹ́ pé ara ẹ̀ka kan ṣoṣo ni gbogbo ṣónṣó rẹ̀ ti ń hù. Ó lọ bá abo àkọ́kọ́, ó gbóòórùn ìdí rẹ̀, abo yẹn tọ̀ díẹ̀ sílẹ̀, ó ki imú bọ̀ ọ́, ó wá gbórí sókè, ó ká ètè òkè, ó dúró bẹ́ẹ̀ gbọnin, èéfín ń rú jáde nímú rẹ̀ nínú òtútù. Bó ṣe ń mọ̀ bóyá ara abo ti yá nìyẹn. Kò tíì yá, ó bọ́ sọ́dọ̀ èyí tó kàn. Akọ kékeré kan ti wà níbẹ̀ látàárọ̀ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àgbà ò bá a jà o, ó kàn da etí sẹ́yìn, irun ara rẹ̀ dìde gan-n-gan, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ bá a jẹ́jẹ́. Ọmọdé gbà, ó fò sókè, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀ pọ̀, wọ́n tún bà pọ̀, pó-pó-pó-pó bíi bọ́ọ̀lù tó ń ta, títí ó fi wọ igbó. Àgbà wá kó ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ó ń tọ̀ lé wọn lórí, ó ń fi wọ́n ra ara wọn. Torí náà ni oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn ṣe máa ń dúdú lásìkò yìí.

Ó jìnnà sí mi tó 400 yáàdì. Ìbọn tèmi lè gbé e, èmi ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé màá bà á, n ò sì ní fi ẹran ṣe ìdánwò. Mo dúró. Nígbà tó yá ó rí abo kan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìyẹn dùbúlẹ̀, òun náà dùbúlẹ̀ tì í. Mo wọ inú kòtò kékeré kan tó wà lápá òsì mi, mo fàyà fà lórí yìnyín títí mo fi dé nǹkan bí 180 yáàdì, mo gbé ìbọn lé orí àpò mi, mo sì tún dúró, torí abo yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ọta tó bá la akọ kọjá á bá a. Ìdúró yẹn pẹ́ ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀ lọ, ìka ọwọ́ mi ti ń kú. Abo dìde, ó rìn kúrò, akọ dìde tẹ̀ lé e, ó dá ẹ̀gbẹ́ délẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn èjìká lọta wọlé. Ó sáré díẹ̀, ó ṣubú sínú sagebrush. Mo dárúkọ bàbá bàbá mi níbẹ̀, mo dúpẹ́.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí táàgì, ẹ má gé ohun tó ń fi hàn pé akọ ni kúrò lára ẹran kẹ́ ẹ tó délé, ẹ sì gbé gbogbo ẹran tó ṣe é jẹ, òfin ni. Nígbà tí mo là á, ọ̀rá ẹ̀yìn tó yẹ kó nípọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá, torí akọ kì í ráyè jẹun lásìkò yìí, ó lè pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kó tó parí.

Ará Wyoming

Ẹ̀gbọ́n Denver, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oríire. Ní tiwa níbí, ọ̀pọ̀ sáà ìbọn ti máa ń parí nínú oṣù kẹwàá, kí akọ tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà, nítorí náà ojú ni mo fi ń jẹ ẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà, mo máa ń gba títì US 191 kọjá ní apá Pinedale. Wọ́n kọ́ afárá fún ẹran sórí títì níbẹ̀, ní Trappers Point, ọdún 2012 ni wọ́n parí ẹ̀, koríko ni wọ́n hù sórí ẹ̀, wọ́n wá fi ọgbà gígùn dí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹran má bàa já lu mọ́tò. Àwọn mule deer kan wà ní Wyoming tó ń rìn tó 150 máìlì láti Hoback lọ sí Red Desert tí òtútù bá ti dé, ẹsẹ̀ lásán o.

Mo páàkì síbi tí wọ́n gbà wá láyè láti páàkì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń mu tíì, ni mo gbọ́ pàkà. Akọ méjì ti fi ìwo kọ́ra níbi gegele kan, wọ́n ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn, yìnyín ń fọ́n ká. Ọ̀kan yọ̀, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀, èkejì ò jẹ́ kó dìde, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó já ara ẹ̀ gbà, ó sá, ẹ̀jẹ̀ wà létí rẹ̀. Abo tí wọ́n torí ẹ̀ jà ń jẹ koríko ní tiẹ̀, kò tiẹ̀ wò wọ́n.

Ìyàwó Ọdẹ

Ẹ kú àsọyé o. Èmi kì í tẹ̀ lé wọn lọ ìgbẹ́, ìdáná ni mo fi ń bá wọn dẹ ẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ẹran akọ ìgbà yìí ń rùn, pé kò ṣe é jẹ. Mi ò gbà. Oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí Ẹ̀gbọ́n sọ yẹn ló ń rùn, bàbá àwọn ọmọ mi kì í fi ọwọ́ tó bá kan ibẹ̀ kan ẹran, ọ̀bẹ náà bẹ́ẹ̀, wọ́n á bọ́ awọ kíákíá kó lè tutù. Tó bá délé màá fi atalẹ̀, áyù àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́, màá sun ún gbẹ díẹ̀ nínú ààrò, ó di inú ẹ̀gúsí, àwọn ọmọ mi ò sì tíì fi sílẹ̀ nínú àwo rí. Ìbéèrè mi ni orí. Bàbá wọn ní ká má jẹ orí, ó sì dùn mí, torí nílé wa orí ẹran ni ti àgbà.

Ọdẹ Denver

Ìyàwó wa, wọ́n sòótọ́. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní CWD (Chronic Wasting Disease), ọpọlọ àgbọ̀nrín ló ń bà jẹ́, á máa rù títí á fi kú, Colorado níbí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ẹ̀, ní Fort Collins, ní 1967. Wọn ò tíì rí ẹni tó kó o lára ẹran, ṣùgbọ́n àwọn CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn, ní kéèyàn má jẹ ẹran tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní in. Iná ìdáná ò sì lè pa á. Nítorí náà ẹ má jẹ ọpọlọ, ẹ má jẹ ẹyinjú, ẹ má jẹ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ gbé orí lọ fún Colorado Parks and Wildlife, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ẹranko igbó, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn àgbègbè kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ dandan. Èmi máa ń kó ẹran sínú fíríísà lọ́tọ̀ títí èsì á fi dé.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Ọdẹ Denver

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni ìforúkọsílẹ̀ kèké máa ń parí, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1949 síwájú gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹ̀kọ́ ọdẹ, ẹ tètè lọ gbà á. Tẹ́ ẹ bá ti gbé Colorado fún oṣù mẹ́fà léraléra, iye onílé lẹ máa san, ó fi púpọ̀ dínkù sí ti àlejò. Kẹ́ ẹ sì ra jákẹ́ẹ̀tì àti fìlà aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, píǹkì náà wà tó bá wù yín.