Ìrírí Wa Nínú Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin ní Biltmore, Láàrin Àwọn Òkè North Carolina

Nínú gbogbo ìrìn-àjò tí àwọn ará ti ròyìn níbí, mi ò tíì rí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ ẹṣin, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ tiwa. Ọmọ Ìlọrin ni mí, ilé ẹlẹ́ṣin sì ni wọ́n ti bí màmá wa. Nígbà tí àwa méjèèjì lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Charlotte, ní ìpínlẹ̀ North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ìlú Asheville tó wà láàrin àwọn òkè Blue Ridge, kí a lè rí Biltmore, ilẹ̀ ńlá tí olówó kan ṣètò láyé àtijọ́. Ilé ńlá tó wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí, màá ní kí ó kọ́kọ́ wá owó kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ayé ẹṣin ni wọ́n la ilẹ̀ náà, ìrìn ẹṣin ló sì ń fi í hàn bí àwọn tó là á ṣe fẹ́ kí a rí i.

Mi ò ní pẹ́ lórí ilé náà. George Washington Vanderbilt, tí bàbá-bàbá rẹ̀ kó ọrọ̀ jọ nídìí ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1889, ó sì ṣí i fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1895. Yàrá 250 ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó mú màmá wa dúró ni ilé ẹṣin àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti sọ di ilé oúnjẹ, tí àwọn ènìyàn sì ń jókòó jẹun níbi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní agboolé àwọn kò fún ẹṣin ní irú ààyè bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹṣin méjì ló fa kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀. Ẹṣin tí àwa mọ̀ ní Ìlọrin ni èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń jó, tí wọ́n fi gàárì aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí àwọn ìjòyè bá ń tẹ̀lé Ẹ́míà lásìkò Ìléyá. Àwọn ti ibẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: àyà wọn gbòòrò, ọrùn wọn ki, pátákò ẹsẹ̀ wọn sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ẹṣin ẹrù ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹṣin eré. Kí màmá wa tó gbà láti gòkè, wọ́n yí àwọn ẹṣin náà ká, wọ́n ń wo èjìká wọn bóyá okùn ti bó wọn lára.

Obìnrin tó ń darí kẹ̀kẹ́ kò bínú sí èyí rárá. Ó fi sùúrù ṣàlàyé, ẹ̀gbọ́n mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún màmá wa, pé kì í ṣe ọrùn gan-an ni ẹṣin fi ń ṣiṣẹ́. Òrùka awọ ńlá kan, tí wọ́n ki nǹkan rírọ̀ sí nínú, ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì jókòó sórí èjìká rẹ̀, débi pé bí ẹṣin bá ń rìn, ńṣe ló ń fi èjìká ti òrùka náà síwájú, tí okùn tó so mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì sì ń fa kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ okùn lásán ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, yóò fún un lọ́fun, kò sì ní lè fa ẹrù tó wúwo. Ó tún fi awọ pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wọn hàn wá. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí gbogbo ohun tó yí i ká, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dí ẹ̀yìn mọ́ ọn lójú kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń yí má baà dẹ́rù bà á. Nígbà tí màmá wa gbọ́ gbogbo èyí tán, wọ́n ṣe Bísímílàhì, wọ́n fi ẹsẹ̀ lé àpótí tí wọ́n gbé síwájú wọn, wọ́n sì gòkè.

Lójú ọ̀nà ni mo bá wọn sọ ọ́ pé ẹṣin kò wọ́n ní Ìlọrin, síbẹ̀ a kò bá àwọn baba wa nídìí kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ẹṣin jẹ́ ti ogun àti ti ọlá lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dàn bí ti Ìlọrin gbà á, ṣùgbọ́n nínú igbó tó dí, eṣinṣin kan wà tí ń gbé àrùn tó ń pa á, orí ènìyàn ni ẹrù sì ń gbà dé ọjà.

Jẹ́jẹ́ ni àwọn ẹṣin náà ń rìn. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n gbé wa gbà, nísàlẹ̀ òkè tí ilé náà jókòó lé, níbi tí adágún omi kan wà tí òjìji ilé náà ń hàn nínú rẹ̀, tí odò French Broad sì ń ṣàn kọjá. Oṣù Kẹwàá ni a lọ, ewé igi ti di pupa àti ràkọ̀ràkọ̀. Frederick Law Olmsted, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣètò ọgbà Central Park ní New York, ló ṣètò ilẹ̀ náà fún Vanderbilt. Ilẹ̀ tó ti ṣá ló bá níbẹ̀, wọ́n ti gé igi rẹ̀, wọ́n sì ti dáko lé e títí tí ọ̀rá fi tán. Ó gba Vanderbilt nímọ̀ràn pé kí ó fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbin igbó. Wọ́n gba Gifford Pinchot síṣẹ́ àbójútó igbó ní 1892; lẹ́yìn rẹ̀ ni Carl Schenck, ará Jámánì, dé, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ igbó sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1898, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí Vanderbilt kú ní 1914, ìyàwó rẹ̀ ta nǹkan bí 87,000 éékà fún ìjọba, ibẹ̀ sì wà nínú igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Pisgah títí di òní.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára púpọ̀. Ọ̀pọ̀ igi tó ń ṣíji bò wá lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ènìyàn ló gbìn ín, lórí ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti pa tì. Ẹni tó bá sì gba àwọn ọ̀nà ìgbèríko Ìfẹ́lódùn nílé wa kọjá, àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà ni yóò máa rí, igi tí wọ́n fi sun ún kò sì ní arọ́pò.

Ó yé mi nínú kẹ̀kẹ́ yẹn ìdí tí ọ̀nà àbáwọlé, tó tó máìlì 3, fi ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàrin igi. Olmsted fẹ́ kí àlejò rí omi, òkúta àti òdòdó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ilé náà tó yọ sí i lójijì. Mọ́tò tí a gbé wọlé sáré kọjá gbogbo rẹ̀.

Fún àwọn tó bá fẹ́ lọ, owó kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí owó ìwọlé, ó sì dára kí ẹ ti gba àyè sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ mú aṣọ òtútù àti ìborùn tó nípọn dání bí ẹ bá ń lọ ní oṣù Kẹwàá. Ẹ má ṣe fún ẹṣin ní ohunkóhun jẹ láìgba àṣẹ. Ẹ tún béèrè ohun tó ṣí sílẹ̀, nítorí pé ìjì Helene ba agbègbè náà jẹ́ gidigidi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọn kò sì ṣí Biltmore padà títí di oṣù Kọkànlá ọdún náà.

Láti ìgbà tí a ti dé ni mo ti ń bá àwọn tó ń sin ẹṣin ní Ìlọrin sọ ọ́ pé irú kẹ̀kẹ́ yìí lè gbé àlejò yípo ìsàlẹ̀ òkè Ṣóbì. Àwọn oníṣẹ́ awọ wa tó ń rán gàárì lè rán òrùka èjìká náà bí wọ́n bá rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni oòrùn wa, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹṣin jìyà nítorí àlejò. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní ìlú tí oòrùn rẹ̀ mú bíi tiwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa aago tí wọ́n ń jẹ́ kí àwọn ẹṣin náà ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń fún wọn lómi, àti ìgbà tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n sinmi.