Lẹ́tà tó ń ṣí lára ṣẹ́ẹ̀tì: ó ti yanjú o
Ẹ rántí pé mo kígbe síta pé lẹ́tà fáínìlì (ike fẹ́lẹ́ tí ooru máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ) tí mo fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ń ṣí létí lẹ́yìn ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Fáínìlì ò jẹ̀bi, èmi ni. Orí tábìlì tó rọ̀ bíi tìmùtìmù ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, oru omi gbígbóná tún ń jáde lójú áyọ́ọ̀nù! Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí pákó líle, mo pa oru omi áyọ́ọ̀nù náà, mo kọ́kọ́ lọ aṣọ kí ọ̀rinrin inú ẹ̀ lè gbẹ. Mo wá fi gbogbo ara tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ lẹ́tà náà fún ìṣẹ́jú àáyá 15, láì fà á síwá sẹ́yìn. Ó tutù tán kí n tó ṣí ike tí wọ́n fi bo lẹ́tà náà lórí kúrò. Ìfọ̀ mẹ́rin rèé, etí kankan ò ṣí. Ẹ ṣeun gan-an.