Àlọ́ àrínsunkún, kì í ṣe àwàdà dúdú

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará wa. Ohun tí à ń fà nílẹ̀ ni orúkọ tó yẹ ká fún irú àlọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Abuja ń kọ báyìí: ẹranko ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ń pa ni lẹ́rìn-ín, ó sì ń ba ni nínú jẹ́, kì í sì í ṣe ọmọdé ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ẹ̀gbọ́n wa ní Gwarinpa ní ká pè é ní àwàdà dúdú. Àbúrò wa obìnrin ní Kúbwá ní àlọ́ àgbà. Ará wa kan ní Kàdúná ní ká yá tatsuniya, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe àlọ́, lọ́wọ́ wọn, màmá wa ní Nyanya sì ní àlọ́ ẹ̀fẹ̀. N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Nítorí àwọn tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pa ọ̀kan ní ṣókí. Ewúrẹ́ arúgbó kan fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní kó wá sí Abuja, kó wá fi hàn pé òun ṣì wà láàyè, kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó jáde. Ó ti wà lórí ìlà láti ìdájí. Nígbà tó kàn án, ó ké mẹ̀ẹ́ẹ̀. Ìkookò tó jókòó sídìí tábìlì ní ohùn kì í ṣe ẹ̀rí, òfin sọ pé òun gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ó tọ́ etí wò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní etí nìkan kò tó, ó tọ́ itan wò. Ewúrẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó lu fọ́ọ̀mù ní òǹtẹ̀, ìwo méjì ló kù lórí àga. Ìkookò kọ ọ́ sábẹ́ fọ́ọ̀mù pé, "Ó wà láàyè nígbà tó dé." Ó wá pe ẹni tó kàn.

(Ìkookò inú àlọ́ yìí kì í ṣe èyí tí Bíbélì wa ní ó wọ awọ àgùntàn. Kura tí àwọn Hausa ń fi pàlọ́ ni, ọ̀jẹun tí kì í yó, tí àwọn ọmọ tó dàgbà síbí ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í ṣeré kiri.)

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n dúdú kò lè jẹ́ irú iṣẹ́ tí ẹ rán an. Akéwì Faransé kan, André Breton, ló sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ di gbajúmọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940, ó sì bá èdè tiwọn mu. Àwa a máa fi dúdú yin ènìyàn, ẹ gbọ́ adúmáadán. Bí a bá fẹ́ fi bú ènìyàn, inú là ń so ó mọ́: inú rẹ̀ dúdú, ìkà ni. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ àwàdà dúdú yóò rò pé àwàdà tí a fi ń ṣe ìkà ni. Bẹ́ẹ̀, àánú ewúrẹ́ ń ṣe ẹni tó kọ àlọ́ yìí. Bí àánú kò bá ṣe é, kò ní kọ ọ́.

Ti tatsuniya kò gùn. Òótọ́ ni pé a yá àlùbọ́sà lọ́wọ́ Hausa, kò sì pa èdè wa lára. Ṣùgbọ́n gbogbo àlọ́ ni wọ́n ń pè ní tatsuniya, ti Gizo aláǹtakùn tó jẹ́ Ìjàpá tiwọn àti ti ọba àti ti orogún. Bí a bá mú un, tí a wá fi há ìtumọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rẹ́ wa Hausa tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa kò ní mọ ohun tí à ń wí.

Àlọ́ àgbà ní ìṣòro méjì. Lóde òní, tí ènìyàn bá ti ní fíìmù àgbà tàbí ọ̀rọ̀ àgbà, ìbálòpọ̀ ló ń wá sọ́kàn olùgbọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé orúkọ náà fi hàn bí ẹni pé ọmọdé ló ni àlọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwé kíkà ilé-ẹ̀kọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àlọ́ Ajá àti Ìjàpá. Ìyàn mú, àwọn ẹranko fohùn ṣọ̀kan pé kí kálukú pa ìyá rẹ̀ jẹ. Ajá gbé tirẹ̀ pamọ́ sọ́run, a sì máa fi orin pè é kó ta okùn sílẹ̀ kí òun lè gòkè lọ jẹun. Ìjàpá kọ́ orin náà, ó ń gun okùn lọ, àfi bí Ajá ṣe ké sí ìyá rẹ̀ pé kó gé e. Àwọn ọmọ ń gbe àlùjanjan-kíjan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi Ìjàpá tó já bọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn tó jókòó tì wọ́n ló ń rò ó pé nínú gbogbo igbó yẹn, ìyá kan ṣoṣo ló kù.

Àlọ́ ẹ̀fẹ̀ ló mú mi ronú jù. Màmá, ẹ̀yin tí ẹ wá láti ìhà Kétu mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Lóru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán tó jáde, Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn akọrin tó ń gbé ìbòjú, a máa kọrin níwájú àwọn ìyá àti gbogbo ìlú. A máa tú àṣírí olè, a máa bá olóyè tó ń ṣe màgòmágó wí, kò sì sí ẹni tó máa mú un nítorí rẹ̀. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn iṣẹ́ ọnà àjogúnbá tó ga jù láàárín ọmọ ènìyàn, ó sì tọ́ sí i. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, oró náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ mọ ẹni tó ń bá wí, ará ìlú náà mọ̀ ọ́n. Ojú yóò ti ẹni náà, ìlú yóò sì tòrò. Nínú àlọ́ ewúrẹ́, ojú kò ti ìkookò, kò sì sí ìlú tí yóò tòrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó kàn ló ń dìde bọ̀ yẹn. Bí a bá pe àwọn méjèèjì ní ẹ̀fẹ̀, a ti gba ìrètí inú ẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbá tèmi ni àlọ́ àrínsunkún. Àwọn tó ṣáájú wa ti ní àlọ́ àpamọ̀ àti àlọ́ àpagbè. Orúkọ méjèèjì ń sọ ohun tí olùgbọ́ ń ṣe: ó ń wá ìtumọ̀, tàbí ó ń gbe orin. Ìkẹta yìí náà ń sọ tirẹ̀: olùgbọ́ ń rín, ó sì ń sunkún.

Ẹnì kan lè ní òwe wa sọ ọ́ lódì kejì, pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, nítorí náà ẹkún ló yẹ kó ṣáájú. Ti ẹni tó ń kọ ọ́ nìyẹn. Ó ti sunkún tán kó tó mú kálámù. Ẹni tó ń gbọ́ ọ, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bá a. Ẹlòmíràn lè ní orúkọ náà jọ ti àwàdà tó dùn jù. Rárá o. Tí ẹ̀rín bá pa wá, omi ló ń bọ́ lójú wa. A kì í pè é ní ẹkún.

Ibi tó ṣòro ni àmì. Bí wọ́n bá kọ arinsunkun lásán, bí a ti ń kọ ọ́ lórí fóònù, ẹlòmíràn yóò kà á sí rírìn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí rín lára èèpo ìwé. Màmá, ẹ bá wa bi àwọn ará Kétu bóyá wọ́n ní orúkọ kan fún orin Ẹ̀fẹ̀ tó ń mú ènìyàn sunkún. Bí wọ́n bá ní in, mo ṣetán láti fi tèmi sílẹ̀ fún un.